Kọ̀ǹpútà Kú, Ojú Rẹ̀ Kò Kú

Ọ́fíìsì tí kò ní igun kan tí wọ́n ń kó òkú kọ̀ǹpútà alágbèéká jọ sí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ yìí, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni. Eruku á bò wọ́n, wáyà á lọ́ mọ́ ara wọn, bọ́tìnì òmíràn á ti yọ, ìdérí òmíràn á ti já. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá tuntun bá dé, yóò ní kí wọ́n palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù á gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dé, á wọ̀n wọ́n bí ẹni wọn irin, á san owó táṣẹ́rẹ́, á sì ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Ibi tí ìtàn náà parí sí lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa pé kí ni ó máa ń pa kọ̀ǹpútà alágbèéká. Iná mànàmáná tó lọ tó sì fi agbára òjijì padà dé a máa jó bọ́ọ̀dù àárín rẹ̀. Omi tàbí tíì a máa dà sí i. Bátìrì rẹ̀ a máa wú. Ìdè tó so ìdérí mọ́ ara a máa ya. Ibi tí ó ń kó ìwé pamọ́ sí a máa bàjẹ́. Nínú gbogbo àìsàn wọ̀nyí, ojú kọ̀ǹpútà kì í sábà fara gbọgbẹ́, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń tún un ṣe ní òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà ń pè ní sìkírìnì. Ojú náà ń ríran kedere nígbà tí ọkàn ti dákẹ́. Àwọn bàbá wa sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn: bọ́ọ̀dù jó, a sì gbé ojú tí kò ṣẹ̀ tí kò rò sọnù pẹ̀lú rẹ̀.

Lóòótọ́, ojú yìí kò lè dá ṣiṣẹ́. Bí a bá tú u kúrò lára òkú kọ̀ǹpútà, a kò ní rí ihò tí a lè ki wáyà HDMI tàbí VGA bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu wáyà kóńkóló kan ni a ó rí, tó ní eyín wẹ́wẹ́ 30 tàbí 40. Èdè tí ojú náà gbọ́ sì yàtọ̀ sí èyí tí kọ̀ǹpútà mìíràn ń fi HDMI sọ. Àwọn ojú àtijọ́ ń gbọ́ èdè tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní LVDS. eDP ni èdè ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí àkókò yìí. Nítorí náà, ohun tí a nílò kò ju ògbufọ̀ lọ. Ògbufọ̀ ọ̀hún ni bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà tí àwọn oníṣòwò sì ń kó wọlé. Àwòrán á gba ẹnu HDMI wọ inú rẹ̀, á sì jáde ní òdìkejì ní èdè tí ojú náà gbọ́. Iná fóòtì 12 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Bí ojú àti ògbufọ̀ bá ti pàdé, mónítọ̀ dé nìyẹn.

Iṣẹ́ náà fẹ́ sùúrù ju ọgbọ́n àràmàǹdà lọ. Lẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà ni bébà kékeré kan wà tí a tẹ orúkọ sí. Kì í ṣe orúkọ kọ̀ǹpútà o, orúkọ ojú náà fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó bá rí LP156WH2 níbẹ̀, tó sì mọ orúkọ kà, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ LG ni, pé ó fẹ̀ ní ínǹṣì 15.6, pé LVDS ló gbọ́. Orúkọ yìí ni a fi ń wá ògbufọ̀ tó bá a mu. Ẹni tó bá kàn sọ fún oníṣòwò pé òun fẹ́ bọ́ọ̀dù fún kọ̀ǹpútà HP tàbí Dell yóò fi owó ra ohun tí kò bára mu. Ibòmíràn tí àwọn tó ń kánjú ti máa ń pa ojú tó yè ni ibi yíyan agbára iná. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù LVDS, ìdè kékeré kan wà tí a fi ń yan fóòtì 3.3, 5 tàbí 12 fún ẹ̀yà tó ń ya àwòrán. Fóòtì 3.3 ni ti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹni tó bá gbé ìdè náà lé 12 ti pa ojú náà kí ó tó rí àwòrán kankan.

Ti férémù kò le. Ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ yọ ojú náà kúrò nínú ìdérí tó bá a wá. Wọ́n á gbẹ́ igi tàbí pákó tín-ín-rín sí i lẹ́yìn, wọ́n á so bọ́ọ̀dù mọ́ ọn, ó di kí ó máa dúró lórí tábìlì. Káfíńtà àdúgbò á ṣe é dáadáa ju ọ̀pọ̀ ike tí wọ́n ń kó wá fún wa lọ.

Ìkìlọ̀ kan kò ṣeé fò. Àwọn ojú kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ gan-an, àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 2010, kì í ṣe iná LED ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀pá iná tín-ín-rín ni, tí kò nípọn ju igi ìṣáná lọ, tí mẹ́kúrì sì wà nínú rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì ni wọ́n fi ń tan irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́, májèlé rẹ̀ á tú sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Bí ọwọ́ bá kan ibi tí iná rẹ̀ ti ń jáde, yóò gbé ènìyàn. Irú èyí kò yẹ ní ọwọ́ ọmọ ilé ìwé rárá, ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa pàǹtí olóró ló yẹ kí ó lọ. Ojú onílED ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú àròkọ yìí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní kí ló dé tí ènìyàn yóò fi máa ra ògbufọ̀, tí yóò máa gbẹ́ pákó, nígbà tí mónítọ̀ tòkunbọ̀ kún Alábà àti Ìkẹjà fọ́fọ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Fún ẹnìkan tó fẹ́ mónítọ̀ kan ṣoṣo, tí iná sì wà nílé rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí owó tí yóò fi ra bọ́ọ̀dù má jìnnà sí owó tí yóò fi ra mónítọ̀ tòkunbọ̀ odindi. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ lórí ìyẹn. Bákan náà, bí ojú kan bá yè, tí kọ̀ǹpútà mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀ sì wà tí ojú tirẹ̀ fọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ; àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti mọ èyí tipẹ́, òun ni wọ́n fi ń jẹun. Àwọn ojú tí kò rí ara tí yóò gbà wọ́n, tí wọ́n sì pọ̀ nílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì sí mi ni iná àti ilé ìwé. Mónítọ̀ àtijọ́ onídìí gbàgìdì, èyí tí gbogbo wa lò ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, a máa jẹ iná tó wáàtì 60 sí 100. Ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká onínǹṣì 15.6, pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀, kì í sábà ju nǹkan bíi wáàtì 10 lọ, nítorí pé wọ́n dìídì ṣe é láti máa jẹ bátìrì. Fóòtì 12 tí bọ́ọ̀dù náà sì ń lò, òun náà ni fóòtì bátìrì ọkọ̀ àti ti ọ̀pọ̀ sólà kékeré tí àwọn ènìyàn ń gbé sórí òrùlé. A kò nílò ínfátà tí yóò sọ iná bátìrì di iná ilé, kí ṣájà tún wá sọ iná ilé di iná bátìrì padà, kí agbára máa ṣòfò ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kí a ṣáà rántí pé bátìrì tí a ń pè ní fóòtì 12 a máa kọjá 14 nígbà tí ó bá ń gba ṣájì. Ẹ̀rọ kékeré tí yóò mú iná náà dúró sí 12 gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, kò sì wọ́n.

Ẹ wá wo ilé ìwé. Láti 2015 ni àjọ JAMB ti fi bébà sílẹ̀ pátápátá nínú ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é. Síbẹ̀, àìmọye ọmọ ló jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ di èkúté kọ̀ǹpútà mú. Ọmọ náà mọ ìṣirò, ó mọ ìtàn, ṣùgbọ́n ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà lórí bọ́tìnì, àkókò sì ń lọ. Ẹ̀yin òbí tó ti sin ọmọ lọ sí ibùdó ìdánwò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí a bá bi ọ̀gá ilé ìwé léèrè, yóò ní kò sí owó kọ̀ǹpútà, kò sì sí iná. Lọ́fíìsì kan tí kò jìnnà sí ilé ìwé náà, kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fọ́ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ le wà nínú igun, kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ kú ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ń ríran sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣì ní ẹnu HDMI tàbí VGA ní ẹ̀gbẹ́. Bí a bá so ó mọ́ ojú ẹlòmíràn nípasẹ̀ ògbufọ̀, òkú méjì á di alààyè kan. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ lè lo kọ̀ǹpútà tó mọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, bíi Raspberry Pi tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012, tí òun náà kì í jẹ iná púpọ̀.

Bí a kò bá ṣe èyí, ibo ni àwọn ojú náà ń lọ? Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kò ra ojú, bàbà àti alumíníọ́ọ̀mù ló rà. Wọ́n á fi òòlù fọ́ ara kọ̀ǹpútà, wọ́n á dáná sun wáyà kí ike rẹ̀ lè yọ́ kúrò lára bàbà, wọ́n á da gíláàsì àti ike tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tàbí sórí ààtàn. Ẹni tó bá ti gba ìtòsí Olúṣosùn kọjá ní Ọjọ́ta mọ bí èéfín irú ibẹ̀ ṣe ń rí nínú ọ̀fun. Òjé tí wọ́n fi jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í kú sínú iná. Inú erùpẹ̀, inú omi àti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tó ń ṣa ìrin níbẹ̀ ló ń lọ, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. United Nations University àti ibùdó Àdéhùn Basel fún ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, rán àwọn olùwádìí lọ sí èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Wọ́n rí i pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún kan, àti pé, ó kéré tán, ìdá 19 nínú 100 wọn kò ṣiṣẹ́ rárá. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n rọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí. Ilẹ̀ wa ti ní ìrírí irú èyí ṣáájú: ní 1988 ni wọ́n já pàǹtí olóró láti Ítálì sí ìlú Kókó, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, ariwo rẹ̀ ló sì mú ìjọba ológun ṣe òfin lórí pàǹtí olóró lọ́dún náà. Òfin tó dá lórí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ jáde ní 2011, àjọ NESREA ló ń mójú tó o, ó sì ka kíkó òkú ẹ̀rọ wọlé léèwọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2025, Àdéhùn Basel fúnra rẹ̀ ti fi lélẹ̀ pé orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kó pàǹtí ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀.

N kò fẹ́ kí oníṣòwò kankan fi àròkọ yìí ṣe ìwé àṣẹ láti kó òkú kọ̀ǹpútà wọlé pé ojú wọn ṣì ríran. Ẹ jẹ́ kí òkú ilẹ̀ òkèèrè sùn sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tó ti wọlé, tí a ti lò, tí wọ́n sì kú sí wa lọ́wọ́, ni ojúṣe wa. Ibẹ̀ sì ni ẹ̀sùn tí mo ní sí àwọn aláṣẹ wà. Nígbàkúùgbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń sọ̀rọ̀ nípa àtúnlò, fífọ́ àti yíyọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn: ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ńlá, wúrà tí wọn yóò yọ jáde láti inú bọ́ọ̀dù. Wọn kì í sábà mẹ́nu kan lílo ohun tó yè bó ṣe wà. Agbára tí wọ́n lò láti ṣe ojú kọ̀ǹpútà kan, láti orí gíláàsì rẹ̀ títí dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì tín-tìn-tín tó ń ya àwòrán, kò sí iná ìléru tó lè gbà á padà. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, gíláàsì àti ike lásán ló kù, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Odindi nìkan ló níye lórí.

Ní Faransé, láti oṣù kìn-ín-ní 2021, ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà alágbèéká gbọ́dọ̀ kọ máàkì sí i lára, láti 0 dé 10, tí yóò sọ bí títún un ṣe ṣe rọrùn tó: ṣé ìwé àlàyé wà fún àwọn tó ń tún un ṣe, ṣé ó rọrùn láti tú, ṣé ẹ̀yà rẹ̀ ṣeé rà, èló sì ni. Kọ̀ǹpútà yẹn kan náà yóò gbó, yóò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, yóò wọ inú ọkọ̀ tòkunbọ̀, yóò dé Èkó. Ìwé àlàyé kì í bá a dé. Ọmọ iṣẹ́ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní Ọ̀tígbà ni yóò máa fi ògbóǹtarìgì ojú àti ọdún àìsùn kọ́ ohun tí ará Faransé lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Síbẹ̀ ó ń kọ́ ọ, ó sì ń mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ kankan tí mo mọ̀, ẹnu àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e fún ara wọn.

Ibi tó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ni gbàǹjo. Kí iléeṣẹ́ ìjọba, báńkì àti yunifásítì tó fẹ́ ta kọ̀ǹpútà tó ti gbó má tà wọ́n ní kìlógíráàmù mọ́. Àwáwí tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé àṣírí iṣẹ́ wà nínú wọn, nítorí náà fífọ́ ló dára jù. Àwáwí yìí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Inú ibi ìpamọ́ kọ̀ǹpútà ni àṣírí wà, ojú kọ̀ǹpútà kì í fi ohunkóhun pamọ́. Bí iná bá ti kú lára rẹ̀, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tó rí. Kí wọ́n yọ ibi ìpamọ́, kí wọ́n fọ́ ọ túútúú bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n sì fi ojú sílẹ̀.

Kí àwọn ojú náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Irú wọn wà ní Agídìngbí àti ní Ìkòròdú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìpínlẹ̀ Yorùbá kan tí kò ní tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tú ojú 20, tó ka orúkọ wọn, tó fi mítà yẹ̀ wọ́n wò, tó sì so márùn-ún mọ́ ògbufọ̀ láìsí èyí tó jó, ti kọ́ nípa iná ju ẹni tó kọ ìwé àkọsílẹ̀ kún ọdún mẹ́ta lọ. Bí ìjọba bá ra ògbufọ̀ lọ́pọ̀ yanturu fún ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, owó rẹ̀ kò lè rí bíi ti ẹni tó ń ra ẹyọ kan. Ìjọba Èkó sì ti ń sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn yóò kó ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà lọ sí Kàtàngọ́wà. Bóyá wọn yóò kó o tàbí wọn kò ní kó o, n kò lè fi èyí ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ya àwòrán ọjà tuntun, kí wọ́n ya ilé kan sí i níbi tí wọn yóò ti máa ṣa ẹ̀yà tó yè kúrò lára èyí tó kú kí oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dé.

Ìyẹn tilẹ̀ lè pẹ́. Ìwé gbàǹjo kò nílò ilé tuntun, kò sì nílò àbá òfin níwájú ilé aṣòfin. Ọ̀gá kan tó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí i lè fi ìlà kan kún un lọ́la: pé kí wọ́n tú ojú gbogbo kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ tà, kí wọ́n tan án wò, kí wọ́n kọ orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì kó èyí tó bá ríran fún ilé ìwé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù.